Ọkọ̀ Tí Kò Dáhùn

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin ilé-iṣẹ́ géèmù náà bá mi sọ lórí fóònù kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbé e sùn, mo gbé e jí, ọbẹ̀ sì jóná mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Ó ní àwọn ti wo géèmù mi, ó wu àwọn, ṣùgbọ́n ojú àwọn nìkan kò tó. Àwọn fẹ́ fídíò ẹnì kan tó mọ omi dáadáa, ẹni tí mi ò kọ́ ní ohunkóhun, kí ó gbá ìpele àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìjẹ́ pé mo lanu sọ fún un pé ṣe báyìí tàbí ṣe báyẹn. Kí fídíò náà dé ọwọ́ àwọn láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ìpàdé àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dé, géèmù ẹlòmíràn ló kàn.

"Mo ti gbọ́, mà," ni mo wí. Mo gbé fóònù náà lé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo wà nígbà tí fóònù náà wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, èmi ni mò ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, èmi ni mò ń tẹ èsì, èmi náà ni wọ́n ń pè bí fáànù kò bá yí. Bí mo bá délé ní Òkè-Ṣopẹ́n nírọ̀lẹ́, tí mo bá ti bu oúnjẹ fún ọkọ mi, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tèmi gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi, aránṣọ ni. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun ni ìyàwó kejì nínú ilé yìí, kọ̀ǹpútà ni ìyáálé. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín, ṣùgbọ́n òun àti èmi mọ̀ pé òótọ́ wà nínú àwàdà náà.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò fara sin. Bí wọ́n bá mú géèmù mi, wọn yóò fún mi ní ohun tí mo lè fi jókòó ti iṣẹ́ náà fún odindi ọdún kan, kí n má tẹ ìbéèrè ìdánwò ẹnikẹ́ni. Mi ò fẹ́ di olówó. Mo kàn fẹ́ ọdún kan ni.

Géèmù náà kò le. Ọkọ̀ kékeré kan ni, ìwọ lo wà nínú rẹ̀, ẹja tútù kún ibẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ dé ọjà kí koríko orí omi tó dí ọ̀nà mọ́ ẹ. Bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ ojú fóònù, ọkọ̀ á rìn. Bí o bá gbé àtàǹpàkò kúrò, ọkọ̀ á dúró, koríko á sì máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Òun náà nìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè tí mo kọ́kọ́ fún gbá sá eré já a bí ẹni pé ọlọ́pàá ń lé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò mọ omi. Ẹlòmíràn nínú wọn kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀.

Ní àárín ọ̀nà yẹn, mo ya bàbá arúgbó kan sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Àkẹtẹ̀ ló dé, etí àkẹtẹ̀ náà ya ní apá kan. Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ kan sínú omi. Kò ń ṣe nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń sọ pé kí omi má baà dá páropáro ni mo ṣe fi í síbẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bàbá mi ni, pé bó ṣe máa ń jókòó sinmi lórí omi gan-an nìyẹn.

Atukọ̀ ni bàbá mi, ní Òde-Omi. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n wọ́n tètè mú mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó kí n lè kàwé, ìgbà ìsinmi nìkan ni mo ń padà lọ. Tí mo bá wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì bá kọjá, tí àwọn èrò inú rẹ̀ bá pariwo kí i, kì í fọhùn. Á gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo rò pé fáàrí ni, pé nítorí mo wà níbẹ̀ ni. Mo wà ní yunifásítì nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ó ti kú. Wọ́n ní orí omi ló kú sí. Ìyá mi kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì bi í.

Nítorí náà, nígbà tí obìnrin náà sọ pé ẹni tó mọ omi, mo ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ìṣòro mi ni ọ̀gá mi.

Ọ̀gá wa ló dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú òbí, tí kì í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú òṣìṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìdánwò ń lọ lọ́wọ́. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì, mo kúnlẹ̀, mo ní mo fẹ́ gba àyè ọjọ́ kan, Ọjọ́bọ̀ nìkan.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹnì kan kú ni?"

"Rárá, mà. Iṣẹ́ mi kan ni, mà."

"Iṣẹ́ rẹ?" Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Iṣẹ́ wo lo tún ní yàtọ̀ sí ti ibí? Géèmù yẹn náà ni, àbí? Wọ́n ti sọ fún mi. Ẹni tó bá ń lé eku méjì, ó máa pòfo, o gbọ́?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ọjọ́ tí fáànù rẹ̀ bá bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń fún mi ní eku kẹta lé. Mo gbé e mì. Mo ṣèlérí pé màá tẹ gbogbo ìbéèrè Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ kí n tó lọ, àti pé màá padà wá tẹ ti ọjọ́ Ẹtì kí àwọn ọmọ tó wọlé.

Ó dá jígí rẹ̀ padà sójú. "Máa lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ibí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí mi ò bá ẹ lórí àga yẹn, má wulẹ̀ padà wá jókòó sórí ẹ̀ mọ́. Mi ò ní tún un sọ."

Mo dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ mi fi ọ̀kadà gbé mi dé gáréèjì. Ó ti fi iná kún páwà báǹkì rẹ̀ fún mi, èyí tí kì í yá ẹnikẹ́ni. "Bá mi kí ìyáálé mi," ó ní, ó ń tọ́ka sí àpò kọ̀ǹpútà. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo wọ òmíràn lọ sí apá odò, mo sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí mo fi dé Òde-Omi, oòrùn ti yọ sókè dáadáa. Atukọ̀ sọ fún gbogbo wa pé ọkọ̀ ìkẹyìn yóò gbéra kí oòrùn tó rẹlẹ̀, pé ẹni tí kò bá gbọ́ fèrè, tirẹ̀ ló mọ̀.

Ìyá mi wà nídìí ààrò ẹja, èéfín bo ojú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fi apá nu ojú, ó ní, "Ṣé kò sí o?" nítorí lójú tirẹ̀, ẹni tó bá wá láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ló gbé e wá. Mo ní kò sí, pé géèmù ni. Ó ní kí n jókòó jẹun ná.

Mi ò jẹun. Mo sáré lọ pe ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe létí odò. Mo gbé fóònù kan fún un, mo fi fóònù kejì máa ya ọwọ́ àti ojú rẹ̀, mo sì ṣàlàyé pé kí ó má bi mí ní ohunkóhun, nítorí wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Ó nu gírísì ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ ojú fóònù, ọkọ̀ gbéra. Inú mi dùn. Ó ń tukọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ń yẹ koríko sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dé ẹ̀gbẹ́ bàbá arúgbó náà, ó sì gbé àtàǹpàkò kúrò.

Ọkọ̀ dúró. Koríko dé. Géèmù parí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dé ibi kan náà, ó tún dúró. Mo fi eyín di ètè mi mú kí n má baà sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dúró, ó wo àwòrán náà títí koríko fi bò ó, ó pòṣé.

"Kí lo ń dúró dè?" Mo ti gbàgbé pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

"Òun náà ni mò ń dúró dè," ó ní, ó tọ́ka sí bàbá náà. "Géèmù rẹ kò yé mi." Ó dá fóònù padà fún mi, ó sì lọ sídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ẹni tó ni ín ń bínú dúró dè.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Mo rò pé kò lè kọjá àgbàlagbà láìkí i. Mo bú ara mi pé kí ló dé tí mo fi àgbàlagbà sí ojú ọ̀nà. Mo lọ bá ìyá ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, obìnrin tó máa ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ ṣèsìn ní abúlé kejì. Ó ti wọ aṣọ funfun fún ìsìn ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Ó gba fóònù náà tọwọ́tọwọ́ bí ẹni gba omi ìyàsímímọ́. Ó tukọ̀ jẹ́jẹ́, ó dé ibẹ̀, ó dúró.

"Wẹ kú ojú omi o!" Ó kí àwòrán náà sókè. Ó dúró. Koríko bò ó. Ó tún gbìyànjú, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ó gbé ojú sókè wò mí, ojú rẹ̀ kún fún àánú.

"Wọn ò dáhùn," ó ní. Agogo ìsìn lù, ó sì lọ.

Ìbínú gbé mi. Mo ti fi ẹran ara mi àti oorun mi ṣe géèmù yìí, mo ti fi ọmọ tó yẹ kí n ti bí ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ mi ṣe máa ń sọ, àwọn èèyàn mi gan-an ló wá ń fi ìkíni pa á. Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde kí n lè yọ bàbá náà kúrò. Bí mo ṣe ṣí i, mo rí i pé bátìrì rẹ̀ ti ń lọ sópin, bẹ́ẹ̀ páwà báǹkì ọkọ mi kò lè fún kọ̀ǹpútà níná, fóònù nìkan ló lè ràn lọ́wọ́. Mo fi ìka lé ibi tí màá tẹ̀ kí bàbá náà lè pòórá. Ọwọ́ mi kò lọ. Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ìyá mi nìkan ló kù. Ó fọ ọwọ́, ó nù ún sára ìró, ó jókòó lórí àpótí. Nígbà tí mo ń to fóònù tí yóò yà á, ọ̀gá mi pè.

"Ṣé o ti wà nínú mọ́tò?"

"Rárá, mà. Mo máa tó wọkọ̀, mà."

"Wọ́n ti yí ìbéèrè ọ̀la padà o. Òwúrọ̀ kùtù ni mo fẹ́ ẹ. O rántí ohun tí mo sọ?"

"Mo rántí, mà."

Ó gé fóònù náà. Láti etí odò, fèrè ọkọ̀ ìkẹyìn dún lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé yóò dún lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì lọ. Bí ìyá mi bá tètè kọjá, fídíò yóò wà lọ́wọ́ mi, màá sáré wọ ọkọ̀, màá fi í ránṣẹ́ lójú ọ̀nà, màá sì wà lórí àga mi láàárọ̀. Ohun gbogbo lè bọ́ sí i.

"Ẹ máa gbá a, màámi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gbéra. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ó gbé fóònù sún mọ́ imú. Ó rí àkẹtẹ̀ náà. Ó rí ẹsẹ̀ inú omi.

"Yèsí rè é?" ó ní. Ta nìyí.

Ó gbé àtàǹpàkò kúrò, ó kí i pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ẹni ń jí ẹni tó sùn. Koríko dé. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró síbẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì. Mo dìde, mo tún jókòó.

"Màámi, ẹ kọjá!" Mo pariwo. "Àwòrán ni! Ẹ kọjá lára ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́! Ọkọ̀ mi ń lọ!"

Fídíò náà bàjẹ́ níbẹ̀, nítorí ohùn mi ti wọ inú rẹ̀. Ìyá mi kò tilẹ̀ yí ojú kúrò lára fóònù.

"Éè tíì dá mi lóhùn," ó ní.

Kò tíì dá òun lóhùn. Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń ké létí odò. Mo ní, "Màámi, ẹni tí wọ́n yà kì í dáhùn."

Ìgbà yẹn ló wò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ bí bàbá rẹ ṣe kú ni?"

"Orí omi ni."

"Orí omi ni. Orí ìjókòó." Ó gbé fóònù lé itan. "Báyìí ló jókòó, ẹsẹ̀ kan nínú omi. Ọkọ̀ elérò kan kọjá lára ẹ̀ láàárọ̀, wọ́n kí i. Kò gbé àjẹ̀. Ẹni tí a bá kí lórí omi níbí, tí kò bá gbé àjẹ̀, a kì í kọjá lára ẹ̀. A máa sún mọ́ ọn, a máa wò ó bóyá ara rẹ̀ yá. Ọmọdé ibí mọ̀ ọ́n. Atukọ̀ yẹn kì í ṣe ará ibí, ó ní èrò òun ń kánjú, ó sáré kọjá. Ìgbà tí wọ́n ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, ó ṣì jókòó síbẹ̀."

Mo bojú wo àwòrán tó wà nínú fóònù lórí itan rẹ̀.

"Bóyá tí wọ́n bá dúró, kò ní kú. Bóyá yóò kú náà. Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n dúró." Ó tún gbé fóònù náà. "Ìwọ wá yà á síbí, o fi àjẹ̀ lé e lórí itan, o ní kí n kọjá."

Ojú tì mí. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi ń gbé àjẹ̀ yẹn sókè, tí mo rò pé fáàrí ni, ohun tó ń sọ fún gbogbo ojú omi ni pé òun wà láàyè. Ẹkún gbọ̀n mí. Ìyá mi kò sọ pé kí n má sunkún, ó kàn na ìró rẹ̀ sí mi kí n fi nujú. Èéfín ń rùn lára rẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìkẹyìn ń jìnnà lọ, a jọ gbọ́ ọ títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Mo mọ ohun tó bá ọkọ̀ yẹn lọ. Mo rí àga mi ní Àgọ́-Ìwòyè lójú ara mi, mo rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo rí ọ̀gá mi tó bọ́ jígí ojú sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Iṣẹ́ náà ni a fi ń san owó ilé, iṣẹ́ aránṣọ kì í mówó wọlé ní gbogbo oṣù. Síbẹ̀, mi ò dìde láti wá ọkọ̀ mìíràn. Mo ṣí kọ̀ǹpútà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò le, bátìrì ló le. Àmì rẹ̀ ti ń pọ́n. Mo ní láti ya apá bàbá náà ní ìgbà mélòó kan: àjẹ̀ lórí itan, àjẹ̀ lókè díẹ̀, àjẹ̀ lókè pátápátá, kó tún sọ̀ kalẹ̀. Mo ní láti sọ fún géèmù náà pé bí ẹni tó ń gbá a bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí koríko náà dúró. Mo ṣe àṣìṣe, àjẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè láìsí ọwọ́ tó dì í mú. Mo tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà kìlọ̀ fún mi pé òun ti fẹ́ kú. Mo ṣépè fún un. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo bí mo ṣe ń ya apá ọkọ rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ àfi ẹ̀ẹ̀kan.

"Apá òsì," ó ní. "Apá òsì ló fi ń gbé e."

Mo yí i sí apá òsì. Mo so okùn mọ́ fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé géèmù náà lọ síbẹ̀, ìlà kékeré tó ń fi hàn pé ó ń lọ ń fà bí ìgbín. Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀. Ó dé, kọ̀ǹpútà sì kú lójú ẹsẹ̀. Oòrùn ti rẹlẹ̀, ọ̀sà ti pọ́n.

Mo tún to fóònù kejì. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi.

Ìyá mi tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ gbéra. Ó yẹ koríko sílẹ̀, ó rí àkẹtẹ̀ náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì dẹwọ́. Ó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò kúrò. Koríko dúró.

"Wẹ kú ojú omi o," ó ní.

Bàbá náà gbé àjẹ̀ sókè ní apá òsì, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìyá mi mí kanlẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ irú èémí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dàbọ̀ o, bàbá ọmọ mi," ó tẹ ojú fóònù, ó sì kọjá.

Ó dé ọjà. Ó wo ẹja inú ọkọ̀ náà, ó ní kò ju ẹja ọmọdé lọ, pé ta ló fẹ́ ra èyí. Mo rẹ́rìn-ín, omi ojú sì wà lójú mi. Mi ò rántí pa fídíò náà títí ó fi padà sídìí ààrò rẹ̀.

Etí odò nìkan ni nẹ́tíwọ́kì ti ń dúró ní Òde-Omi. Mo lọ dúró lórí pákó ibẹ̀, mo gbé fóònù sókè, títí fídíò náà fi lọ tán. Mo tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, mo ní ọkọ̀ ti lọ fi mí sílẹ̀, màá wọ ti àárọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́. Kò fèsì.

Mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé Àgọ́-Ìwòyè, ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì jókòó lórí àga mi, ó ń wá ibi tí wọ́n ń ti bébà bọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò bú mi. Ó ní, "Mo sọ fún ẹ." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo fi ibi tí bébà ń wọlé han ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo mú kọ́ọ̀bù tíì mi, mo jáde.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló burú jù láyé mi. Ilé-iṣẹ́ géèmù kò pè. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bá dákẹ́, màá rò pé ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo pàdánù. Nígbà tí fóònù wá dún, mo wà nídìí ọbẹ̀, mo sì jẹ́ kó jóná.

Wọ́n mú un. Obìnrin náà ní gbogbo ìpàdé wọn dákẹ́ nígbà tí màmá yẹn kí àwòrán. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan wà: àwọn tó máa gbá a níbòmíràn kò ní sùúrù, kí n jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lè kọjá bàbá náà láìdúró.

"Ẹ lè yí ohun gbogbo padà, mà," mo ní. "Àwọ̀ omi, ọjà, ẹja. Ìyẹn kò ní yí."

Ọkọ mi ti dá ẹ̀rọ dúró, ó ń wò mí. Mo ronú pé èmi rè é tí mo tún fẹ́ fi ẹnu ara mi ba ti ara mi jẹ́.

"Ó dáa," obìnrin náà ní. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí géèmù náà jáde, mo gbé e lọ sí Òde-Omi kí ìyá mi lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbá a. Mo na fóònù sí i. Ó wo àkẹtẹ̀ tó wà lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dá fóònù padà fún mi.

"Ẹ ò gbá a ni?"

Ó tẹ̀ ba, ó yí ẹja lórí ààrò kí apá kejì lè yan.

"Mo kí i, ó dá mi lóhùn," ó ní. "Kí ni mo tún ń dúró dè?"